Ṣáàfù Inú Àpótí

"Ìwọ lo ṣe é."

"Èmi kọ́, Injinía."

"Wo ìdí rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àmì ta ni?"

"Àmì mi ni."

"Ẹn-ẹ́n."

"Àmì mi ni, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣe é. Níbo lẹ ti rí i?"

"Nínú àpótí."

"Àpótí wo?"

"Èyí tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn nílé. Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i."

"Ta ló ti ṣí i ṣáájú yín?"

"Kò sí. Ìṣó tí òyìnbó fi kàn án lọ́hùn-ún ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ."

"Ìgbà wo ló ti ọ̀hún dé?"

"Ọdún tí Jọlá wọ yunifásítì."

"Jọlá tó ti bímọ?"

"Òun náà."

"Injinía, lọ́dún yẹn, mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ léèdì rí. Aṣọ iléèwé ṣì wà lọ́rùn mi."

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, mi ò ní bu iyọ̀ sí i. Ojú-mọmọ ni, oòrùn ọ̀sán ń ta. Challenge ni, lẹ́yìn ibi tí ọkọ̀ Èkó ti ń kó èrò, ní ìlà ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí àwọn tọ́nà ti ń fi ẹ̀rọ léèdì fá irin, tí àwọn wẹ́dà sì ti ń jó o. Kò sẹ́ni tó mutí níbẹ̀. Ibà ò ṣe ẹnikẹ́ni. Injinía Akínsànyà tí mò ń sọ yìí ṣì wà ní Bódìjà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ ọ́ fún yín. Á kàn ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má sọ èrò tiyín fún òun.

Ohun tó gbé lé orí tábìlì Nimotallahi lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ṣáàfù, ọ̀pá irin tó máa ń ti àárín mọ́tò lọ sídìí táyà, tó ń yí táyà. Kò gùn púpọ̀. Ó wúwo. Bébà tí wọ́n rẹ sínú òróró ni wọ́n fi wé e, bébà náà sì ti gbó débi pé ó ń fọ́ lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Nimotallahi, obìnrin tọ́nà kan ṣoṣo ní ìlà náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Nabeelah, dúró sẹ́yìn tábìlì, ó káwọ́ lẹ́yìn. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Mọ́tò tí ṣáàfù náà jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe mọ́tò tí wọ́n ń rà lódindi. Mọ́tò àtòpọ̀ ni. Òyìnbó á kó egungun rẹ̀ àti ara rẹ̀ sínú àpótí, á fi ránṣẹ́ sí ọ; ìyókù di tìẹ. Ìwọ lo máa wá ẹ́ńjìnnì, ìwọ lo máa wá gíà, ìwọ lo máa dè wọ́n pọ̀. Ó rẹlẹ̀, kò ní òrùlé, èèyàn méjì péré ló gbà. Ẹ̀yìnkùlé ni Akínsànyà ti ń tò ó. Iṣẹ́ ìjọba ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé kíkọ́ ò jẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní ó tó àkókò wàyí. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Fọláṣadé, aya rẹ̀, kò pe mọ́tò náà ní mọ́tò rí. Ìyàwó kékeré ló ń pè é.

"Bàbá Jọlá, òjò ti ṣú o. Ẹ lọ da tapólì bo ìyàwó yín."

"Mo ti bò ó."

"Ó dáa. Èmi tí mò ń ká aṣọ níta, kí òjò máa pa mí."

Kò jókòó sínú rẹ̀ rí. Fọláṣadé ò tilẹ̀ wa mọ́tò rí láyé rẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ sí Ṣàngó, á dá takisí Máíkírà dúró, á jókòó sẹ́yìn, á máa sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra.

Dókítà ojú kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Injinía, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ má jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́." Bí ẹni tó ń yọjú nínú páìpù ni Akínsànyà ṣe ń ríran nígbà yẹn. Iwájú wà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti lọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì ń lọ. Nítorí náà, ohun tó fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ wa mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan, fúnra rẹ̀, kí Fọláṣadé jókòó tì í, kí òun sì rí ẹ̀rín lẹ́nu obìnrin náà nígbà tí ojú òun ṣì lè rí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Òjò ti ń dín kù. Ọyẹ́ ò jìnnà mọ́.

Dífù nìkan ló kù, ìyẹn orí irin ńlá tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà. Èyí tó bá mọ́tò náà wá ti dógùn-ún, eyín inú rẹ̀ ti jẹ. Akínsànyà ra òmíràn ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, tòkunbọ̀, ti mọ́tò mìíràn pátápátá. Dífù gidi ni. Àmọ́ ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣáàfù wá gùn jù fún un. Ihò tí wọ́n fi ń dè wọ́n pọ̀ náà ò bára mu: mẹ́rin ló wà lẹ́nu ṣáàfù, mẹ́fà ló wà lẹ́nu dífù. Ó kó ṣáàfù méjèèjì lọ bá Nimotallahi. Nimotallahi yí wọn wò, ó ní iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò kọjá agbára òun. Á gé àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ki ojú ibi tó gé bọ inú irin oníhò kan tó nípọn, wọ́n á jó o pọ̀, á wá fá a kó lè gún. Lẹ́yìn náà, á gbẹ́ àwo irin róbótó kan sí ẹnu rẹ̀, ihò mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún.

Ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí nìyẹn. Nimotallahi ò tíì gé nǹkan kan. Ṣáàfù méjèèjì ṣì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, bí Injinía ṣe gbé wọn kalẹ̀.

Èyí tó wà lórí tábìlì yìí, wọ́n ti gé e. Wọ́n ti jó o. Wọ́n ti fá a. Àwo irin wà lẹ́nu rẹ̀, ihò mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún.

"Mo ti gbé e lé ẹnu dífù kí n tó máa bọ̀," Akínsànyà wí. "Apá òsì. Ó wọlé wẹ́rẹ́."

"Wẹ́rẹ́?"

"Bí ọwọ́ ṣe ń wọ apá ẹ̀wù."

Nimotallahi tẹ̀ síwájú. Ó tún wo àmì náà.

Ní ìlà yẹn, tọ́nà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà, tí oníbàárà bá gbé e dé tòun tariwo, àmì ni wọ́n á kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n máa bá jà. Ti Nimotallahi jẹ́ kókó mẹ́ta tó to bí òkúta ààrò, tó máa ń fi ìṣó irin líle lù sídìí iṣẹ́. Kókó apá òsì máa ń jìn ju àwọn yòókù lọ, nítorí bó ṣe ń di òòlù mú. Ẹlòmíràn lè jí àmì yẹn lò. Kò lè jí ọwọ́ rẹ̀ lò.

Ó fi èékánná wá kókó apá òsì. Èékánná náà rì.

Ó pa jẹnẹrétọ̀. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Lóde, agbèrò ń pe Èkó, Èkó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jìnnà, bí ẹni tó ń pe èrò láti inú kànga.

Nimotallahi bu bẹntiróò sínú ike, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín tó wà lórí ṣáàfù náà. Gírísì dúdú ṣàn jáde. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tẹ̀lé e.

"Eyín yìí ti jẹ," ó wí.

"Mo ti fọwọ́ bà á."

"Ó ti ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Injinía, ẹ ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣé o ò rí i ni? Bó bá ti rìn, a jẹ́ pé mọ́tò náà máa rìn nìyẹn. Mo ti ń bẹ̀rù pé kò ní rìn láéláé."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Ẹ wo ìlà mi."

Àṣà mìíràn tí Nimotallahi ní nìyẹn. Bó bá ti ṣe ṣáàfù tán, á fi ọ̀dà funfun fa ìlà gbọọrọ kan láti orí rẹ̀ dé ìdí. Irin kì í sọ̀rọ̀. Ìlà yẹn ló máa ń bá a sọ ọ́. Bí ṣáàfù bá ti ń lọ́ nítorí iṣẹ́, ìlà náà á lọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Akínsànyà gbé ojú sún mọ́ ọn, ó wá ìlà náà nínú ìwọ̀nba ibi tó ń rí. Ó tọ̀ ọ́ láti òkè. Kò gún. Ó rọra ń yí lọ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè tó ń wẹ̀yìn.

"Ọdún mélòó?" ó béèrè.

"Mi ò lè mọ̀. Ọdún púpọ̀. Kí wọ́n máa wà á lójoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọdún púpọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sì sọ fún mi pé kí ọyẹ́ tó dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta wá ló ń wà á?"

Ìka Akínsànyà ti dé orí àwo irin, ó ń yí i ká. Ìka náà dúró.

"Kí nìyí?"

Nimotallahi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí àwo náà po, bí ojú òrùka.

"Ibi tọ́wọ́ tọ́nà ti dúró ni. Ó yẹ kó máa ti abẹ ẹ̀rọ lọ síwájú, ó dáwọ́ dúró, irin ń yí, abẹ wá jẹ ẹ́ lójú kan."

"O máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi? Injinía, ẹ má bú mi."

Wọ́n wo ara wọn. Akínsànyà fa àpótí onípákó kan, ó jókòó lé e. Ọgbọ́n iṣẹ́ ti ń sọjí nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ àìsàn rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Gbẹ́ tìrẹ báyìí," ó wí. "Àwo ti òsì. Lójú mi. Má jẹ́ kọ́wọ́ rẹ dúró."

"Bí kò bá wá dúró?"

"A jẹ́ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn lèyí. Ẹnìkan ló ń fi wá ṣeré."

"Bó bá dúró ńkọ́?"

"Má jẹ́ kó dúró."

Jẹnẹrétọ̀ kan náà ni Nimotallahi àti Luke, wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jọ ń lò. Bí Luke bá ń jó irin, iná á lọlẹ̀, ẹ̀rọ léèdì á sì máa fà. Nítorí náà, wọ́n ní àdéhùn. Bó bá kù díẹ̀ kí Nimotallahi parí iṣẹ́, á fi sípánà lu páànù tó wà láàárín wọn lẹ́ẹ̀mejì, Luke á dáwọ́ dúró títí yóò fi tún lù ú. Lọ́jọ́ yẹn, kò lu páànù. Ó lọ fúnra rẹ̀.

"Luke, jọ̀ọ́, má jó nǹkan kan."

"Mò ń lọ jẹun ni, Ìyá Nabeelah. Ṣé kí n ra nǹkan bọ̀ fún yín?"

"Rárá. Ti ilẹ̀kùn ẹ kóo tó lọ."

"Ṣé iṣẹ́ gómìnà lẹ̀ ń ṣe lónìí ni?"

"Ti ilẹ̀kùn ẹ, Luke."

Luke ti ilẹ̀kùn, ó fi àgádágodo sí i, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń lọ.

Nimotallahi tan jẹnẹrétọ̀. Ó de irin mọ́ ẹ̀rọ, ó gbé abẹ tì í, ó bẹ̀rẹ̀. Akínsànyà di ojú. Kò nílò ojú fún èyí. Irin tó ń fá dáadáa máa ń hó, bí ẹyin nínú òróró, láìdáwọ́ dúró. Ó ń hó bẹ́ẹ̀. Ó hó, ó hó. Ọwọ́ Nimotallahi ń ti abẹ lọ síwájú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé omi tó kún dẹ́nu. Ó kù díẹ̀.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn páànù.

Ṣáààà. Ta. Ta-ta.

Ìró irin tí wọ́n ń jó ni. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ṣẹ́jú nísàlẹ̀ páànù, ó tan sórí sìmẹ́ńtì, ó kan bàtà Nimotallahi.

Ó yí orí wò ó. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú ojú kan lọ.

Ohùn irin yí padà. Ó di igbe kan, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn. Akínsànyà lajú.

Nimotallahi fa abẹ sẹ́yìn, ó pa ẹ̀rọ. Irin náà ń yí, ó ń yí, ó rọra dúró. Lẹ́yìn páànù, kò sí ìró kankan mọ́. Ó jáde lọ wo ilẹ̀kùn Luke. Àgádágodo wà lára rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, Akínsànyà ti gbé ṣáàfù inú àpótí sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìka rẹ̀ kan wà lára àwo ti tẹ́lẹ̀, ọ̀kan wà lára tuntun tó ṣì gbóná, ó ń yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ojú kan náà ni?" Nimotallahi béèrè.

"Ojú kan náà."

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Mo rò pé èmi nìkan ni."

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Ó ronú sí i. "Díẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ mọ ibi tó máa já sí."

"Èmi náà."

Luke dé, ó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ta eyín. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ṣí àgádágodo. Wọ́n gbọ́ bó ṣe wọlé. Lẹ́yìn náà, ó pè wọ́n láti ẹ̀yìn páànù.

"Ìyá Nabeelah, ta ló fọwọ́ kan wáyà tí mo fi ń jó irin? Ó gbóná."

"Ṣebí o ti ilẹ̀kùn."

"Mo tì í."

Nimotallahi mú òòlù àti ìṣó irin. Ó gbé ìṣó lé ìdí iṣẹ́ náà, ó dúró. Ó lè fi í sílẹ̀ láìní àmì. Ó rò ó. Bí kò bá sì sí àmì tirẹ̀ lára rẹ̀, iṣẹ́ ta ni yóò jẹ́? Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Sátidé, ó gbé ṣáàfù tuntun méjèèjì lọ sí Bódìjà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé ń rùn bí ilẹ̀ tútù. Akínsànyà dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, òun fúnra rẹ̀ ló ń de gbogbo nǹkan, ìka rẹ̀ ló fi ń ríran. Nimotallahi ń na sípánà sí i. Fọláṣadé gbé àgbàdo sísè jáde nínú abọ́.

"Ẹ wá jẹun. Àbí ìyàwó kékeré ò fẹ́ kẹ́ ẹ jẹun?"

"Ó kù díẹ̀," Akínsànyà dáhùn láti abẹ́ mọ́tò.

"Láti ọjọ́ tí Jọlá ti wà ní yunifásítì ló ti kù díẹ̀." Ó nawọ́ àgbàdo sí Nimotallahi. "Ọmọ mi, jẹ tìrẹ. Ìwọ lo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kí ni ti ọ̀pá tó wà lórí bébà yẹn?"

Ṣáàfù inú àpótí ló ń tọ́ka sí. Akínsànyà ti pinnu pé tuntun lòun máa lò. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó gbé ti àtijọ́ lé e.

"Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, Mummy," Nimotallahi wí.

Fọláṣadé bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Ó ti ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ti rẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn.

"Mummy, ẹ̀yin náà ò ṣe kọ́ mọ́tò wíwà?"

"Èmi? Èmi tí mi ò lè gun kẹ̀kẹ́ ọmọdé." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́, ó wọlé.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ẹ́ńjìnnì gbà. Akínsànyà jókòó sídìí ọkọ̀. Fọláṣadé jáde, ó so gèlè mọ́ orí dáadáa, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń wá nǹkan.

"Ilẹ̀kùn dà?"

"Kò ní ilẹ̀kùn. Gbé ẹsẹ̀ rẹ kọjá."

"Gbogbo wàhálà yìí, kò tiẹ̀ ní ilẹ̀kùn."

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó jókòó. Nimotallahi ṣí géètì. Mọ́tò náà rọra jáde.

Akínsànyà fetí sí ẹ̀yìn. Kò sí ìró. Dífù ò pariwo, ṣáàfù ò lù. Agbára ń ti àárín lọ sí táyà bí omi ṣe ń lọ nínú ọ̀gbàrá. Gíà kejì le díẹ̀, bó ṣe máa ń le nígbà tó bá ń dán an wò lẹ́yìnkùlé: èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì í síwájú kó tó fà á sẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dún. Ó tì í, ó fà á. Ó dún díẹ̀. Kò burú. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ fẹ́ gèlè Fọláṣadé. Ó gbá a mú, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tó máa ń rín nígbà tí wọn ò tíì bímọ.

Akínsànyà yí orí. Ó rí i. Ó wà láàárín páìpù náà gbáko, gbogbo ẹnu, gbogbo eyín, ojú tó fún pọ̀.

"Bàbá Jọlá!"

Ó tẹ búréèkì. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró síwájú mọ́tò pẹ̀lú agbòòrùn lọ́wọ́. Ẹnu agbòòrùn náà kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà wò wọ́n, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó sì kọjá lọ.

Ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́. Ọwọ́ Akínsànyà ò kúrò lórí ìdarí ọkọ̀.

"Mi ò rí i."

"Mo mọ̀."

"Kò sí níbẹ̀. Ìgbà tó máa fi wà níbẹ̀ ..."

"Mo mọ̀. Ẹ sinmi."

Wọ́n jókòó. Obìnrin kan ń ká aṣọ lójú ọ̀nà ilé kejì. Kò wò wọ́n.

"Ó tán," Akínsànyà wí.

"Ẹ ti wà á."

"Mo ti wà á."

"Mo sì rẹ́rìn-ín."

"Mo rí i," ó wí. "Mo rí i dáadáa."

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó bọ́ sílẹ̀. Kò pa ẹ́ńjìnnì, nítorí bátìrì ò tíì lágbára. "Dúró níbí. Jẹ́ n lọ pe Ìyá Nabeelah, kó wá wà á padà sílé."

"Ẹ rọra. Ẹ máa fọwọ́ tọ́ ògiri."

Ó fọwọ́ tọ́ ògiri. Ilé ò jìnnà. Ó ń ka géètì pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, èyí tó tutù, èyí tó ti dógùn-ún. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yí padà.

Ó mọ ohùn ẹni tó ń kọ́ mọ́tò. Mọ́tò á fò, á gbọ̀n, á kú. Èyí ò fò. Ó gbéra jẹ́jẹ́, ó yí padà sọ́nà ilé. Gíà kìíní. Akínsànyà mí sínú, ó ń retí ìró gíà kejì.

Gíà kejì wọlé. Kò dún rárá.

Òun gan-an ò ṣe é bẹ́ẹ̀ rí.

Mọ́tò náà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó falẹ̀. Akínsànyà ní láti yí gbogbo orí kó tó rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Fọláṣadé ló jókòó sídìí ọkọ̀. Ọwọ́ kan ló fi di ìdarí mú. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ kejì lé etí mọ́tò, níbi tí ilẹ̀kùn ì bá wà, bí ẹni tó ti gbé e lé ibẹ̀ títí ibẹ̀ fi di tirẹ̀. Kò wo gíà. Kò wo ẹsẹ̀. Ọ̀nà ló ń wò.

"Fọláṣadé."

Ó ti pẹ́ tó ti pè é ní orúkọ yẹn kẹ́yìn.

"Ẹ wọlé lọ, Bàbá Jọlá. Ìrì ti ń sẹ̀."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó wò ó, bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé.

"Kọ́ mi ní kí ni?"

Akínsànyà na ọwọ́. Ó kan irin mọ́tò náà, irin náà sì ti ń yọ lọ lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

Ọwọ́ Fọláṣadé wá gíà, ó rí i. Gèlè rẹ̀ funfun nínú páìpù tí Akínsànyà fi ń ríran, ó ń kéré sí i. Ohùn rẹ̀ padà wá bá a lórí ìró ẹ́ńjìnnì, láìkánjú.

"Ibi tí mo máa ń lọ náà ni."